Bí A Ṣe Ń Múra Láti Abuja Lọ Ṣọdún Nílé

Iléyá ni à ń pè é: ilé ti yá. Ṣùgbọ́n fún àwa tí à ń ṣiṣẹ́ ní Abuja, tí à ń gbé Kubwa, Nyanya tàbí Lugbe, ilé kì í ṣàdédé yá. Ọ̀nà jìn, owó ọkọ̀ ń gòkè bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀gá ibi iṣẹ́ náà sì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lẹ́nu. Òṣogbo ni mò ń lọ ní tèmi, bí mo sì ṣe ń ṣe é nìyí.

1. Ẹ ka ọjọ́ láti ẹ̀yìn

Ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ padà ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kí ẹ tó mú ọjọ́ tí ẹ máa lọ. Ti Kérésìmesì kò le, ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá kì í yẹ̀. Iléyá ló máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣíwájú lọ́dọọdún. Síbẹ̀, ó ṣàánú wa: ọjọ́ kẹwàá oṣù ló ń bọ́ sí, nítorí náà bí Sultan Sókótó bá ti kéde pé oṣù lé, ọjọ́ bíi 9 ṣì wà níwájú yín. Ìtúnu ààwẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú la máa ń mọ̀ ọ́n. Tí mo bá ń tọrọ ààyè fún un, mo máa ń fi ọjọ́ kan kún un níwájú àti lẹ́yìn.

Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé fún ọ̀gá ní oṣù kan ṣáájú, ó kéré tán. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún ẹni tó ti lo oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́ ní ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 6 lọ́dún, ó kéré tán, owó oṣù rẹ̀ kò sì ní dín.

2. Ẹ tọ́jú owó àbọ̀ kí ẹ tó tọ́jú owó àlọ

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú jù. Ilé ni owó ti ń tán. Ẹ̀gbọ́n kan á ní àwọn ò tíì san owó ilé ìwé ọmọ. Ìyá àgbà kan á di ọwọ́ yín mú, á máa ṣàdúrà, ẹ ò sì ní lè wò ó lójú kí ẹ ní kò sí. Ó sì yẹ kí ẹ fún wọn. Nítorí ìyẹn gan-an ni owó àbọ̀ kò fi gbọdọ̀ sí nínú àpò tí ẹ ó máa tọwọ́ bọ̀. Àjọ ni èmi àti àwọn ará àdúgbò ń dá láti oṣù Kìn-ín-ní, mo sì máa ń bẹ̀ wọ́n kí n kó tèmi ní oṣù tó ṣáájú ọdún.

3. Ẹ yan ọ̀nà

Ẹni tí owó rẹ̀ ká bàálù lè bọ́ sí Ìbàdàn, Àkúrẹ́, Ìlọrin tàbí Èkó. Láti Èkó, ọkọ̀ ojú irin wà láti Ẹ̀búté Mẹ́ta dé Mọ́níyà n'Íbàdàn. Lásìkò Kérésìmesì, ẹ má fi ìrìnàjò sí ọjọ́ 24: bí ọyẹ́ bá bo ojú ọ̀run, bàálù kì í gbéra.

Àwa ará ojú títì, gáréèjì Utako tàbí Zuba là ń lọ. Gwagwalada, Abaji, Koton Karfe, Lọ́kọ́jà, Kàbbà, kí a tó já sí Ọ̀mùò Èkìtì. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ni kí ẹ wọ̀. Mo gbéra ní aago mẹ́wàá àárọ̀ lọ́dún kan, táńkà ṣubú dí ọ̀nà kí a tó dé Lọ́kọ́jà, ilẹ̀ sì ṣú mọ́ wa nínú ọkọ̀. Látìgbà náà, aago mẹ́fà kì í bá mi nílé. Bí ó bá jẹ́ ìgbà òjò, ẹ wádìí ọ̀nà ní àná ìrìnàjò, torí ní oṣù Kẹwàá 2022, omíyalé dí ọ̀nà Lọ́kọ́jà fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ ránṣẹ́ sílé. Nọ́ńbà ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122.

4. Ẹrù

Àgbò ọjà Dei-Dei l'Abuja lè dínwó sí ti ilé, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò owó ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn kí ẹ tó yọ̀. Kílíṣí ni mo fẹ́ràn láti gbé lọ. Ẹ ṣẹ́ ẹ wò níwájú ẹni tó ń tà á: tó bá ṣẹ́ káú, ó gbẹ, tó bá ń fà, á bu kẹ́ ẹ tó délé. Ìwé ni kí ẹ fi dì í, ẹ má fi lọ́rá dì í nígbà tó ṣì gbóná, ó máa ń rọ̀.

5. Ilé tí ẹ fi sílẹ̀

Ẹ pa gáàsì, ẹ yọ wáyà iná, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ aládùúgbò tí ẹ fọkàn tán. Baba Hausa tó múlé tì mí ló ń bá mi ṣọ́ tèmi. Á ní "Allah ya kiyaye hanya", ìyẹn kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ̀nà, á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ọ̀kadà mi á fi yí kọ́nà. Obì gbàǹja tuntun tí wọ́n fi ewé dì ni mo máa ń mú bọ̀ fún un.