Serum peptide fún ìlà iwájú orí: ohun tó ṣiṣẹ́ fún mi

Ọjà Ọba l'Àkúrẹ́ ni mo ti ń tajà, nínú oòrùn. Ìlà méjì fìdí kalẹ̀ láàárín irun ojú mi, débi pé àwọn oníbàárà á máa bi mí pé, "Màmá, ta ló bí yín nínú?" nígbà tí inú mi dùn.

Òrí ni mo kọ́kọ́ fi ń pa á lálaalẹ́. Awọ ara rọ̀, ìlà ò yẹ̀. Mo wá ra serum, ìyẹn omi ìtọ́jú awọ, tó ní Acetyl Hexapeptide-8, peptide kan (ègé protein kékeré) tí wọ́n tún ń pè ní Argireline. Wọ́n ṣe é láti dín bí ẹran ojú ṣe ń sún kì kù. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti fi í lé orí òrí, ńṣe ló ń ká jọ wínníwínní lábẹ́ ìka mi.

Ètò rẹ̀ ni mo yí padà. Omi ni serum yẹn, ọ̀rá ni òrí, omi ò sì lè gba inú ọ̀rá kọjá dáadáa. Mo máa ń fọjú, màá jẹ́ kó ṣì rin díẹ̀, màá kán serum sí i, màá rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́ awọ láìra á. Ó dìgbà tó bá gbẹ kí n tó fi òrí fẹ́ẹ́rẹ́ lé e. Láàárọ̀, ìpara SPF 30, èyí tó ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn, ló ń gba ipò òrí, mo sì ń dé fìlà etí gbòòrò, torí oòrùn gan-an ló ń mú mi fajú ro.

Ó gba oṣù mélòó kan. Ìlà náà ò tán, ṣùgbọ́n ó rọ̀, inú mi sì dùn gan-an. Tó bá jìn ju tèmi lọ, ó lè máà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lẹ́yìn etí. Tó bá ń ta yín, ẹ fi sílẹ̀.