Àṣìṣe tó ń ba iṣẹ́ DSC jẹ́ tẹ́ ẹ bá ń yẹ pawúdà oògùn wò

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wà ní làábù oògùn, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe gbogbo kòtò (ibi tí ìlà ti wọlẹ̀ torí pé nǹkan ń gba ooru) tẹ́ ẹ bá rí lórí gíráàfù DSC, ẹ̀rọ tó ń wọn ooru tí nǹkan ń gbà tàbí tó ń tú jáde bó ṣe ń gbóná, ló túmọ̀ sí pé pawúdà ti yọ́ o. Àṣìṣe yìí ló pọ̀ jù. Omi tó ń jáde nínú kírísítálì ń gba ooru, pawúdà tó ń yọ́ náà ń gba ooru, èyí tó tiẹ̀ ń bàjẹ́ lórí iná lè ṣe bí ẹni pé ó ń yọ́.

Ẹ wo theophylline monohydrate, oògùn kan tí omi wà nínú kírísítálì ẹ̀. Kòtò tó kọ́kọ́ hàn, omi ló ń jáde níbẹ̀, torí theophylline gbígbẹ fúnra ẹ̀, ó máa tó bíi 270 °C kó tó yọ́. Ẹ gbé e sórí TGA, ẹ̀rọ tó ń wọn bí ìwúwo nǹkan ṣe ń dín kù bó ṣe ń gbóná, tí ìwúwo ẹ̀ bá fi bíi 9.1% dín kù, omi kan sí mólíkù kan nìyẹn, àríyànjiyàn ti tán. Ẹni tó fi DSC nìkan parí ẹjọ́, ó kàn ń méfò ni.

Ti páànù, abọ́ kékeré tá à ń kó pawúdà sí, náà wà ńbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé e pa pátápátá omi ò ní ríbi gbà, kòtò yẹn á sún lọ sókè, ìdérí gan-an lè bú, tẹ́ ẹ bá wá lu ihò kékeré sí i ó tún di nǹkan mìíràn. Ẹnìkan á wá fi tiẹ̀ wé tẹlòmíì, ó di ariwo pé òun ti rí fọ́ọ̀mù tuntun (ìyẹn ọ̀nà mìíràn tí mólíkù oògùn kan náà gbà tò nínú kírísítálì), kò sì wo ìdérí rárá!

Oògùn carbamazepine ló máa ń da àwọn ọmọ tuntun láàmú jù. Fọ́ọ̀mù III ẹ̀ ń yọ́ ní bíi 175 °C, ohun tó yọ́ yẹn á tún dì di Fọ́ọ̀mù I, ooru á jáde, Fọ́ọ̀mù I náà á wá yọ́ ní bíi 190 °C. Wọ́n á rí kòtò méjì, wọ́n á ní àdàpọ̀ ni, bẹ́ẹ̀ fọ́ọ̀mù kan péré ni wọ́n gbé sínú ẹ̀rọ. Tẹ́ ẹ bá sì rọra gbé ooru sókè, ó lè yí padà kó tó yọ́ rárá, kòtò àkọ́kọ́ á fẹ́ẹ̀ má hàn. Ẹ dán an wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ooru máa fi 2, 10, àti 50 °C gòkè láàárín ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀.

Ẹ má lọ pawúdà kúnná láìṣe XRPD (àyẹ̀wò tó ń fi X-ray wo bí kírísítálì ṣe tò) ṣáájú àti lẹ́yìn, torí lílọ̀ nìkan lè yí fọ́ọ̀mù padà. Mílígíráàmù 2 sí 5 pawúdà ti tó fún DSC. Ẹ fi irin indium yẹ ẹ̀rọ DSC wò, 156.6 °C ló ń yọ́.

Ẹ má sì torí pé kòtò kan ṣoṣo lẹ rí kẹ́ ẹ ní kò sí fọ́ọ̀mù míì. Oògùn ritonavir ti iléeṣẹ́ Abbott wà lọ́jà láti 1996, fọ́ọ̀mù kan ni wọ́n mọ̀, nígbà tó di 1998 èkejì yọjú, kò tètè yòrò bíi ti àkọ́kọ́, ni wọ́n bá kó kápúsù yẹn kúrò lọ́jà.