Bí mo ṣe dá àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé òfin lẹ́kọ̀ọ́ lórí ẹ̀tọ́ àdàkọ ní Àbújá

Ọ̀gá wa ló gbé iṣẹ́ náà fún mi. Lọ́kàn tiwọn, kí n ṣáà gbé Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ (copyright) ti 2022, òfin tó ń sọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ kan, èyí tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023, kí n kà á fún àwọn èèyàn láti abala kìíní títí dé ìparí. Mo ní, "Ọ̀gá, oorun ni gbogbo wọn máa sùn." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n ṣe é bó bá ṣe wù mí.

Ìdí káńtà ni mo kọ́kọ́ lọ jókòó sí, níbi tí àwọn lọ́yà ti ń wá bèèrè ìwé, mo ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ sílẹ̀. "Ẹ bá mi ṣe fọtokọ́pì ìdájọ́ yìí." "Ìwé yìí ò sí lọ́jà mọ́, ẹ ṣe odindi ẹ̀ fún mi." "Ẹ fún mi ní password yín, kí n lè máa wo ìdájọ́ láti ọ́fíìsì." Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ ọ́ lè yàtọ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ ń já sí kò ju mẹ́ta yìí lọ. Àwọn ni mo fi ṣe ẹ̀kọ́ náà.

Lọ́jọ́ tí a ṣe é, èèyàn wá láti Bwari, láti Gwagwalada, àti láti inú ìlú níbí. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ́ ẹ̀kọ́, Hausa ni wọ́n fi ń dápàárá, àmọ́ nígbà tí àríyànjiyàn bá gbóná, Yorùbá ni àwa tí a jókòó síwájú ń sọ. Alhaja kan láti Ìlọrin ló dàgbà jù láàárín wa. Wọ́n ti ń tọ́jú ìwé kóòtù kí n tó wọ yunifásítì.

Mo gbé ìdìpọ̀ àkójọ ìdájọ́ kan sórí tábìlì, mo ń ṣí i lójú ewé kọ̀ọ̀kan, mo ń bi wọ́n pé, "Ta ló ni èyí?" Abala 3 òfin náà sọ pé ẹ̀tọ́ àdàkọ ò sí lórí ìwé ìjọba tó jẹ́ ti òfin ṣíṣe tàbí ti ìṣàkóso, àyàfi tí ẹnì kan bá ṣa wọ́n jọ ṣe àkójọ. Gbogbo wa gbà lórí ìyẹn: ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀dà abala kan nínú òfin, ẹ ṣe é fún un. Orí ìdájọ́ ni ilé ti fẹ́ tú. Òfin náà dárúkọ òfin ṣíṣe àti ìṣàkóso, kò dárúkọ kóòtù. Ẹnì kan ní adájọ́ kì í ta ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Òmíràn ní kí a fi òǹkà abala hàn án.

Mo wá fa ẹjọ́ Kánádà yọ. Àwọn atẹ̀wé òfin, CCH àti àwọn mìíràn, pe ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Ontario lẹ́jọ́ nítorí fọtokọ́pì tí ilé ìkàwé wọn ní Toronto ń ṣe fún lọ́yà. Ní 2004, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ibẹ̀ dá ilé ìkàwé láre: ìlò fún ìwádìí ni, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ pẹ̀lú pé headnote, ìyẹn àlàyé kúkúrú tí atẹ̀wé kọ síwájú ìdájọ́, iṣẹ́ ọwọ́ atẹ̀wé ni, ẹ̀tọ́ sì wà lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí adájọ́ fúnra rẹ̀ kọ kò sí lára rẹ̀. Ẹjọ́ yẹn ò de kóòtù Nàìjíríà, àmọ́ ó là wá lójú.

Alhaja wò mí títí. "Àbúrò, ṣé o fẹ́ ká máa fi abẹ gé headnote dànù ká tó gbé e fún adájọ́ ni?"

Yàrá náà bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Rárá o, Alhaja, ẹ má bínú. Òfin fàyè gba ìlò fún ìgbẹ́jọ́." Ibẹ̀ ni mo ti bọ́ sí abala 20, níbi ìlò tó tọ́ fún ìwádìí tí kì í ṣe ti òwò àti fún ẹ̀kọ́ ara ẹni: kí lẹ́ni náà fẹ́ fi ṣe, irú iṣẹ́ wo ni, báwo ló ṣe pọ̀ tó, ṣé yóò ba ọjà ẹni tó ni ín jẹ́? Ìkẹrin ló tètè yé wọn jù, nítorí kò sẹ́ni tí kò mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ayédèrú ìwé òfin. Lọ́yà tó fẹ́ ìdájọ́ kan, kò burú. Ẹni tó fẹ́ odindi ìdìpọ̀, kó lọ rà á.

Ní ti ìwé tí kò sí lọ́jà mọ́, òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ àtijọ́, ti 1988, ló ṣì wà lọ́kàn àwọn àgbà: ẹ̀dà mẹ́ta fún ilé ìkàwé ìjọba, tí ìwé náà ò bá sí fún títà ní Nàìjíríà. Mo ní kí wọ́n lọ ka abala 25 òfin tuntun, nítorí òun ni a ń lò báyìí. Ẹni tó kọ̀wé ní ẹ̀tọ́ títí di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, nítorí náà ìwé ẹni tó kú ní 1950 ti bọ́ sí gbangba. Abala 26 wà fún àwọn afọ́jú, ó sì bá àdéhùn Marrakesh mu, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí ìwé fún àwọn afọ́jú, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ password ló le jù, mo sì rò pé òun ló yẹ ká fún ní àkókò jù. Ìdájọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ilé ìkàwé ń sanwó fún, bí ẹni háyà ilé ni: àdéhùn tí a bá onílé ṣe ló ń sọ ẹni tó lè wọlé. Fọtokọ́pì tí òfin gbà lè jẹ́ ohun tí àdéhùn kọ̀. Mo ní kí kálukú lọ wá àdéhùn tirẹ̀ jáde. Ọ̀pọ̀ ò mọ fáìlì tó wà.

Kí a tó túká, a jọ ṣe fọ́ọ̀mù kékeré kan: orúkọ, ojú ewé tí èèyàn fẹ́, ohun tó fẹ́ fi ṣe. Alhaja ní kí n fi àyè ìbuwọ́lùwé sí i. Ẹnì kan bèèrè pé adájọ́ ńkọ́, ṣé àwọn náà yóò máa kọ ọ́? Alhaja ní akọ̀wé wọn ni kó máa bá wọn kọ ọ́, a sì fi bẹ́ẹ̀ gbà.