Bẹ́ẹ ṣe lè la àyà jíjá kọjá láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ tẹ́ẹ jáwọ́ nínú kokéènì tàbí ice

Téèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́ nínú kokéènì, ice (ìyẹn methamphetamine, táwọn kan ń pè ní mkpuru mmiri) àbí oògùn mìíràn tó ń lani lójú kalẹ̀, oorun àti ebi ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé, á sùn, á jẹ, á tún sùn, àwọn ará ilé á rò pé ó ti tán. Ìgbà tó bá wá jí dáadáa ni àyà á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ọwọ́ á máa gbọ̀n, kò ní lè jókòó sójú kan, èrò burúkú á máa wọlé lóríṣiríṣi, ohun tó sì máa wà lọ́kàn ẹ̀ ò ju pé tóun bá lo díẹ̀ báyìí, ara á rọ òun. Ibi tọ́pọ̀ èèyàn ti ń padà sídìí ẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ jáwọ́ o, ìpayà yẹn gan-an ni ò jẹ́. Mo ti jókòó ti àbúrò mi nínú ẹ̀, ìdí tí mo fi ń kọ eléyìí nìyẹn.

Kẹ́ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun, tẹ́ni náà bá tún ń mutí lójoojúmọ́ tàbí ó ń lo oògùn oorun bíi diazepam, ẹ má jẹ́ kó já ìyẹn lójijì nílé, torí ó lè fa gìrì, ó sì lè pààyàn. Ọ̀rọ̀ ọsibítù nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún aláboyún, ẹni tó ní àrùn ọkàn, àtẹni tó ti gbìyànjú láti pa ara ẹ̀ rí. Tó bá sì jẹ́ dókítà ló kọ oògùn tó ń lani lójú náà fún un, irú bíi Ritalin tàbí Adderall tí wọ́n ń fún ẹni tí kì í lè pọkàn pọ̀, kó bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó dá a dúró.

Ẹ jẹ́ kó mọ ohun tó ń ṣe òun, torí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀rù ẹ̀ máa ń dín kù. Dopamine ni èròjà inú ọpọlọ tó ń jẹ́ kí nǹkan wu èèyàn ṣe, noradrenaline ló ń ta ara jí. Kokéènì máa ń dí ọ̀nà tí wọ́n fi ń padà síbi tí wọ́n ti jáde, ice ní tiẹ̀ á tún tì wọ́n jáde lọ́pọ̀ yanturu. Nígbà tó bá pẹ́, ara á ti gbójú lé oògùn, ọjọ́ tí oògùn ò bá wá mọ́, nǹkan á dojú rú fúngbà díẹ̀. Ti ice, ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ ló sábà máa ń le jù, á ti máa rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ 7 sí 10, ìyókù lè fà tó ọ̀sẹ̀ 2 tàbí 3 sí i. Ti kokéènì ò rí bákan náà lára gbogbo èèyàn.

Ẹ kọ́kọ́ tún ilé ṣe. Gbogbo oògùn àti nǹkan tó fi ń lò ó, ẹ kó o dànù, nọ́ńbà ẹni tó ń tà á fún un, ẹ blọ́ọ̀kì ẹ̀. Ẹ wá ẹnì kan tó máa sùn tì í fún òru mẹ́ta àkọ́kọ́ ó kéré tán, torí òru ló máa ń burú jù.

Tí àyà bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í já, kó jókòó, kó tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, kó mí sínú láti 1 dé 4, kó mí síta láti 1 dé 6, ìmí tó ń jáde ló yẹ kó gùn jù. Kó ṣe é tó ìṣẹ́jú 5. Tí kíkà yẹn bá ń jẹ́ kí òòyì kọ́ ọ, kó fi sílẹ̀, kó bu omi tútù sójú, kó máa rìn kiri. Ẹ má bá a jiyàn pé kò sí nǹkan kan, nǹkan wà, ara ẹ̀ ló ń wá oògùn, kó sọ ọ́ síta bẹ́ẹ̀.

Ní òru ọjọ́ kẹta, ní nǹkan bí aago mẹ́ta, àbúrò mi ti yẹ ìlẹ̀kùn wò lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ní kò tì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọwọ́ kan àyà mi, ó fẹ́ bẹ́." Mo fọwọ́ kàn án lóòótọ́, ó ń lù kìkì. Mo fún un ní bírò àti ìwé, mo ní kó kọ aago tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, nígbà tó rọlẹ̀ ó tún kọ ọ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, ó ti kọ mọ́kànlá, èyí tó pẹ́ jù ò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Ìwé yẹn ràn án lọ́wọ́ ju gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu mi lọ, torí òun fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́, ó sì ń rí i pé ó máa ń lọ.

Kọfí àti energy drink, kó fi wọ́n sílẹ̀ ná, wọ́n á tún máa lé àyà ẹ̀ ni. Ọtí á kọ́kọ́ dà bíi pé ó ràn án lọ́wọ́, àmọ́ tó bá ti dá lójú ẹ̀, ìpayà yẹn á padà wá. Kó má sì gba oògùn oorun lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, dókítà lè fún un ní ti ọjọ́ díẹ̀ tó bá pọn dandan, torí òun náà máa ń di bárakú. Kó máa jẹun díẹ̀díẹ̀, kó mumi, kó sùn bí ara bá ṣe fẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó lè máa lálàá burúkú, ó tiẹ̀ lè lá a pé òun ń lo oògùn, ó wọ́pọ̀.

Tó bá ní òun fẹ́ lò ó dandan, kó kọ́kọ́ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ná, kó sì wà lọ́dọ̀ èèyàn. Tó bá padà lò ó, ẹ má bú u o, ìtìjú á jẹ́ kó lọ máa lò ó ní kọ̀rọ̀. Ara tó ti sinmi ò lè gba ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́, wọ́n sì ń lu fentanyl, oògùn apàrora tó lágbára gan-an, mọ́ ọ níbòmíì, ẹni tó bá dá wà lè kú síbẹ̀.

Tí àyà bá ń dùn ún, tí kò lè mí dáadáa, tí gìrì bá mú un, tí ara ẹ̀ gbóná tó sì ń sọ ìsọkúsọ, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Tó bá ń gbọ́ ohùn tẹ́nì kankan ò gbọ́, tàbí ó ní wọ́n ń lépa òun, ẹ jẹ́ kí dókítà rí i lọ́jọ́ yẹn. Ẹ bi í tààrà bóyá ó ń wù ú láti pa ara ẹ̀, bíbéèrè kọ́ ló ń gbé èrò yẹn síni lọ́kàn. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀ rárá.

Kò tíì sí oògùn tí wọ́n fọwọ́ sí pé ó ń wo bárakú kokéènì tàbí ice sàn. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ jù ni kí olùgbaninímọ̀ràn máa rí i, àwọn mìíì á tún máa fún un lẹ́bùn kékeré nígbàkigbà tí àyẹ̀wò ìtọ̀ ẹ̀ bá fi hàn pé kò lò ó. Tẹ́ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ wọn, ẹ sọ orúkọ oògùn náà, ìgbà tó lò ó kẹ́yìn àti nǹkan mìíì tó ń lò mọ́ ọn, kẹ́ẹ sì mú ìwé tó ń kọ aago sí yẹn dání.