Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Ìwé Nípa Ìràwọ̀ Tó Ń Bú Gbàmù, Kí Ẹ sì Kà Á Yé

Bí ẹ bá mú ìwé kan nípa ìràwọ̀ dání, tí ẹ ò mọ̀ bóyá kí ẹ kà á tàbí kí ẹ dá a padà, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìṣáájú sílẹ̀ ná. Ẹ lọ síbi tí wọ́n to àwọn ọ̀rọ̀ sí lẹ́yìn ìwé náà, kí ẹ wá 1987A. Ìràwọ̀ kan tó bú gbàmù ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Oṣù kejì ọdún 1987 ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tí òǹkọ̀wé bá sọ nípa rẹ̀ ni mo fi máa ń mọ irú ìwé tó wà lọ́wọ́ mi.

Òǹkọ̀wé tí kò bìkítà á sọ pé ìràwọ̀ ńlá kan bú, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jọjọ, á sì gba ibẹ̀ kọjá. Òǹkọ̀wé gidi á sọ bí wọ́n ṣe mọ̀. Á sọ fún yín pé Ian Shelton ń ya àwòrán sánmà lóru ní Las Campanas lórílẹ̀-èdè Chile, pé ó rí ìràwọ̀ kan lórí àwòrán náà tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ló bá jáde síta, ó gbójú sókè, ó sì fojú lásán rí i. Á sọ pé ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta ṣáájú kí ìmọ́lẹ̀ yẹn tó dé, àwọn ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ ní Japan, Amẹ́ríkà àti Soviet Union ti mú neutrino bíi 25. Àwọn nǹkan tín-ín-tìn-ìn-tín tó kéré ju átọ́ọ̀mù lọ fíìfíì ni neutrino, wọ́n lè gba inú ilẹ̀ ayé wọlé kí wọ́n sì jáde lódìkejì láìfara kan ohunkóhun. Á wá ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi ṣíwájú ìmọ́lẹ̀: inú lọ́hùn-ún ni ìràwọ̀ náà ti kọ́kọ́ wó, ibẹ̀ ni neutrino sì ti tú jáde lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ìgbì tí ìwó yẹn dá sílẹ̀ ní láti rìn fún wákàtí mélòó kan kó tó yọ sára ìràwọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ tó ṣẹ́ jáde. Bó bá tún fi kún un pé aláwọ̀ búlúù ni ìràwọ̀ tó bú, tí èyí sì ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu torí pé ìràwọ̀ pupa ni wọ́n ń retí, ẹ má ṣe dá ìwé yẹn padà.

Ẹ wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú. Ìwé tó jáde ṣáájú 1998 kò lè sọ fún yín pé ìyára tí àgbáálá ayé fi ń fẹ̀ ń pọ̀ sí i. Èyí tó jáde ṣáájú 2016 kò lè ròyìn ìgbì òòfà (òòfà ni agbára tó ń fa nǹkan mọ́ra) tí àwọn ẹ̀rọ LIGO ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbọ́ ní September 14, 2015. Èyí tó ṣáájú oṣù kẹrin 2019 kò lè ní àwòrán ihò dúdú, ibi tí òòfà ti lágbára débi pé ìmọ́lẹ̀ ò lè jáde, tó wà láàárín M87, ìyẹn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ńlá kan. Èyí ò sọ ìwé àtijọ́ di ìwé àjùsọnù o. Ìwé tó ti tó 40 ọdún ṣì lè kọ́ yín dáadáa nípa bí ìràwọ̀ ṣe ń gbé àti bó ṣe ń kú. Ohun tó ń bí mi nínú ni kí wọ́n fi èèpo tuntun bo ọ̀rọ̀ àtijọ́ láìtún inú rẹ̀ ṣe. Torí náà, ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ni kí ẹ wá.

Ní báyìí, ẹ dé orí tó sọ̀rọ̀ nípa ìbúgbàmù náà. Ẹ má kà á bí ìròyìn. Ẹ mú pẹ́ńsùlù àti bébà, kí ẹ ya róbótó ńlá kan, kí ẹ tún ya òmíràn sínú rẹ̀, títí á fi pé mẹ́fà. Ẹ kọ háídrójìn sí ti òde pátápátá, lẹ́yìn náà hílíọ́ọ̀mù, kábọ́ọ̀nù, ọ́síjìn, sílíkọ́nì, kí ẹ sì kọ irin sáàárín. (Neon wà láàárín kábọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn, ẹ lè fi kún un bí àyè bá wà.) Bí inú ìràwọ̀ ńlá ṣe máa ń rí nìyẹn nígbà tó bá kù díẹ̀ kó kú. Ẹ wá kọ iye àkókò sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Fún ìràwọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ tó ti oòrùn lọ́nà 25, háídrójìn á jó fún nǹkan bíi mílíọ̀nù méje ọdún. Kábọ́ọ̀nù, nǹkan bí 600 ọdún. Ọ́síjìn, bí oṣù mẹ́fà. Sílíkọ́nì, bí ọjọ́ kan péré.

Ẹ dúró síbi ọjọ́ kan yẹn dáadáa, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà. Ohun tó ń gbé ìràwọ̀ ró ni agbára tó ń ti inú rẹ̀ jáde, tó ń bá òòfà tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ rẹ́ jà. Àmọ́ irin kì í mú agbára jáde bí wọ́n bá pa á pọ̀, ṣe ló ń gbà á mì. Nígbà tí irin bá ti pọ̀ jù láàárín, kò sí ohun tó ń dá òòfà dúró mọ́. Àárín tó fẹ̀ tó ilẹ̀ ayé yìí á wó lulẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, á di nǹkan róbótó tí fífẹ̀ rẹ̀ ò ju bí 20 kìlómítà lọ, ìgbì tí mo sọ lókè á sì tú ìyókù ìràwọ̀ náà ká. Bí ẹ bá ti ya àwòrán yẹn, ẹ ò ní gbàgbé ohun tí supernova jẹ́ mọ́, orúkọ tí wọ́n ń pe ìbúgbàmù ìràwọ̀ nìyẹn.

Ẹ ṣọ́ra, torí irú ìbúgbàmù kejì wà. Ìràwọ̀ kékeré kan tó ti jó tán á máa fa nǹkan lára ìràwọ̀ ẹnì kejì rẹ̀, títí ìwọ̀n rẹ̀ á fi sún mọ́ 1.4 ti oòrùn, á sì bú túútúú. (Lọ́dún 1930 ni Chandrasekhar, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Íńdíà, bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tó gbé òǹkà yẹn jáde, nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé e láti Íńdíà lọ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún 19 ni.) Ìmọ́lẹ̀ irú ìràwọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè fi wọn ọ̀nà jíjìn, òun ni wọ́n sì fi rí ohun tí mo sọ nípa 1998. Ìwé tó bá da irú méjèèjì pọ̀ á da orí yín rú.

Òǹkà ńláńlá náà gba sùúrù. Mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá lé díẹ̀ ní ọjọ́ 11. Bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá sún mọ́ ọdún 32. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹ bá kà á pé àgbáálá ayé ti tó bílíọ̀nù 13.8 ọdún. Bí ìwé bá sì sọ pé ìràwọ̀ kan jìnnà tó iye ọdún ìmọ́lẹ̀ báyìí (ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ lè rìn dé láàárín ọdún kan), ẹ kọ sí etí ìwé pé bí ohun tí à ń rí ṣe pẹ́ tó nìyẹn. 1987A ti bú ní nǹkan bí 168,000 ọdún ṣáájú kí Shelton tó jáde síta.

Ní ti àwọn orí tó dá lórí àdììtú, ẹ máa fàlà sábẹ́ ohun tí wọ́n ti wọ̀n, kí ẹ sì fi àmì ìbéèrè síbi tó jẹ́ àbá. Vera Rubin, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, wọn bí àwọn ìràwọ̀ etí Andromeda, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ńlá kan, ṣe ń sáré, ó rí i pé wọn ò rọra rìn bó ṣe yẹ kí wọ́n rìn ká ní ohun tá a fojú rí nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ fàlà síyẹn. Wọ́n ń pe ohun tá ò fojú rí tó ń fa àwọn ìràwọ̀ náà ní dark matter, àmọ́ ohun tó jẹ́ gan-an, kò tíì sẹ́ni tó mọ̀. Àgbáálá ayé míì tó wà lẹ́yìn tiwa, àmì ìbéèrè ni, bó ti wù kí òǹkọ̀wé mọ ọ̀rọ̀ sọ tó.

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán, torí ọ̀pọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí James Webb, awò awọ̀nàjíjìn tó wà lójú òfuurufú, ń gbà ni ojú wa ò lè rí. Àwọn tó ṣe àwòrán náà ló yan àwọ̀ fún un.

Kí ẹ tó ka orí tó sọ̀rọ̀ nípa ìràwọ̀ Betelgeuse, ẹ kọ́kọ́ jáde lọ wò ó. Láti oṣù kìíní sí oṣù kẹta, ẹ wá ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò tẹ̀ léra lójú sánmà nírọ̀lẹ́. Èyí tó pọ́n rokoṣo nítòsí wọn ni. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dín kù ní ìparí 2019, àwọn kan ń kọ ọ́ kiri pé ó fẹ́ bú. Eruku tó tú jáde lára òun fúnra rẹ̀ ló bò ó. Ìwé tó bá ṣì ń bá wọn sọ pé ó kù díẹ̀, ẹ mọ̀ pé ó lè tó 100,000 ọdún sí i.

Ibi kan kù tí mo máa ń yẹ̀ wò. Lọ́dún 1967, ní Cambridge, Jocelyn Bell tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rí àmì kan lórí bébà ẹ̀rọ rẹ̀ tó ń wá lẹ́ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá 1.3. Pulsar àkọ́kọ́ nìyẹn, ohun tó ṣẹ́ kù lára ìràwọ̀ tó ti bú. Àwọn ọkùnrin méjì ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1974, wọn ò fún un. Nígbà tí Bell gba ẹ̀bùn mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là lọ́dún 2018, ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n fi rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Òǹkọ̀wé tó bá ròyìn pulsar láìdárúkọ rẹ̀, ẹ gbé ìwé ẹlòmíì.