Ẹ lọ wo àká ọkà etí omi Cape Town

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ọnà ní Àbújá, pàápàá ẹ̀yin amọ̀kòkò ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá rówó ìrìnàjò, ẹ jẹ́ kó jẹ́ Cape Town. Ẹ tètè wá físà Gúúsù Áfíríkà, kí ẹ sì gba yẹ́lò káàdì. Ẹ lè wọkọ̀ òfuurufú láti Àbújá, kí ẹ gba Addis Ababa dé ibẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ń mú wa níbí ní Kejìlá, ìgbà oòrùn ni tiwọn, àmọ́ ẹ̀fúùfù wọn lè gba gèlè lórí ẹni. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ dì í le.

V&A Waterfront ni kí ẹ ní kí awakọ̀ gbé yín lọ. Èbúté àtijọ́ ni. Prince Alfred, ọmọ Ọbabìnrin Victoria, ló da òkúta àkọ́kọ́ sómi níbẹ̀ ní 1860 láti fi dènà ìgbì. Ní 1924 wọ́n kọ́ àká ọkà kan síbẹ̀ tó ga tó mítà 57. Inú rẹ̀ ni ọkà oko ń gbà wọ ọkọ̀ ojú omi, títí kọ̀ǹténà fi gbòde tí iṣẹ́ tán. Wọn ò wó o! Ó dùn mọ́ mi gan-an, torí àwa kì í pẹ́ pe katapílà sí ilé àtijọ́. Ní 2017 ó di Zeitz MOCAA, ilé iṣẹ́ ọnà Áfíríkà òde òní.

Bí ẹ bá wọlé, ẹ má tíì wá lífítì. Ẹ dúró nísàlẹ̀, ẹ gbójú sókè. Òpó kọnkéré 42 tó níhò nínú ni àká náà. Ayàwòrán-ilé Thomas Heatherwick mú ẹyọ àgbàdo kan, ó sọ ọ́ di ńlá nínú àwòrán, ó sì gé ìrísí rẹ̀ sáàárín àwọn òpó náà. Ẹ sún mọ́ ibi tí ayùn gbà. Kọnkéré àtijọ́ kò nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 17 lọ, ìyẹn ni wọ́n ṣe da tuntun onírin sínú rẹ̀ kí wọ́n tó gé e. Ojú gígé náà jọ̀lọ̀, wọ́n ti fá a dán. Ara òpó ṣì rí gbágungbàgun, pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń fọwọ́ mọ nǹkan á pẹ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà kí ẹ wá gòkè. Ní òrùlé, gíláàsì ló bo ẹnu àwọn òpó, El Loko, ọmọ Tógò, ló sì ya àmì sí i lára.

Ère àwọn ọmọ Gúúsù Áfíríkà mẹ́rin tó gba ẹ̀bùn àlàáfíà Nobel, tó wà ní Nobel Square, kò gba àkókò. Ẹ fi ọ̀sán sílẹ̀ fún Watershed, ọjà àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹ bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ṣe é, ta ló ṣe é. Ìkòkò tí ẹ bá rà, aṣọ ni kí ẹ fi wé e, inú báàgì ọwọ́ ni kó wà.