Ọ̀pá méjì tí mo so di ọ̀kan: earth rédíò mi ní Ṣágámù

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ kan ara irin rédíò mi láìwọ bàtà, lórí sìmẹ́ńtì tútù, iná gbé mi. Kò le, ìka ló kàn ń ta mí ṣín-ín-ṣín, àmọ́ ẹ̀rù bà mí. Tí mo bá wọ sílípáàsì, n kò ní mọ nǹkan kan; ìyẹn ló jẹ́ kó pẹ́ kí n tó fura.

Rédíò amateur ni, èyí tí mo fi ń bá àwọn ará ìlú òkèèrè sọ̀rọ̀ láti Ṣágámù, lórí ìgbì mítà 40. Áńtẹ́nà rẹ̀ jẹ́ wáyà bíi mítà 20 tí mo ta láti orí òrùlé dé ìdí igi àgbálùmọ̀. Nígbà tí mo tú pulọ́ọ̀gì power supply wò, mo rí i pé wọ́n ti gé ẹsẹ̀ kẹta rẹ̀, ìyẹn ẹsẹ̀ earth tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀, kí n tó rà á. Mo pààrọ̀ ìyẹn lọ́jọ́ náà.

Ó wá ku ewu àrá. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣe iṣẹ́ iná ládùúgbò wa bá mi gbá ọ̀pá earth tuntun wọlẹ̀ fún rédíò, yàtọ̀ sí ọ̀pá ti ilé tó ti wà tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn òjò, nígbà tí ilẹ̀ pupa wa ti rọ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 8 ni ọ̀pá náà, irin tí wọ́n fi bàbà bò. Ó ní láti jìn, torí lásìkò ọyẹ́, òkè ilẹ̀ máa ń gbẹ, ilẹ̀ gbígbẹ kì í sì í gbé iná dáadáa. Wọ́n fẹ́ da iyọ̀ sí ìdí rẹ̀; mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má dà á, torí iyọ̀ máa ń jẹ bàbà.

“Àbúrò, ti rédíò dá wà o. Má so ó mọ́ ti ilé.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká so wọ́n pọ̀.”

Ohun tí mo rò rèé. Bí àrá bá sán sí tòsí, agbára iná ìdí ọ̀pá kan lè fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì ju ti èkejì lọ. Iná yóò wá ọ̀nà láti ti ibì kan bọ́ sí ìkejì. Bí kò bá sí wáyà láàárín wọn, inú rédíò ni yóò gbà: á ti ẹnu wáyà áńtẹ́nà wọlé, á ti pulọ́ọ̀gì jáde. Wọ́n rò ó, wọ́n ní kò burú.

A gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ yí ilé ká, a sì tẹ́ wáyà bàbà ìhòòhò 16 mm² sínú rẹ̀. N kò jẹ́ kó ṣẹ́ níbì kankan, ńṣe la rọra tẹ̀ ẹ́, torí àrá kì í fẹ́ igun. Kílámpù la fi dè é mọ́ ọ̀pá méjèèjì. A kò fi òjé jó o, torí òjé lásán lè yọ́ bí àrá bá kọjá lára rẹ̀. Mo fi sáńpépà ha ọ̀dà kúrò lẹ́yìn rédíò kí irin lè kan irin. Lẹ́nu ibi tí wáyà áńtẹ́nà gbà wọlé, mo fi arrestor, ẹ̀rọ kékeré tó ń darí iná àrá sínú ilẹ̀, sí i, mo sì so òun náà mọ́ wáyà yẹn.

A yá ẹ̀rọ tó ń wọn bí ilẹ̀ ṣe ń dènà iná tó; bí iye ohm bá ṣe kéré sí ló ṣe dára sí. Ọ̀pá ilé nìkan fún wa ní ohm 31. Nígbà tí wọ́n di ọ̀kan, ó di 12. Mo bọ́ sílípáàsì, mo gbé ọwọ́ lé rédíò. Kò ta mí mọ́.

Síbẹ̀, bí ojú ọ̀run bá ti ń ṣú, mo máa ń yọ wáyà áńtẹ́nà kúrò lára rédíò, mo sì ń gbé ẹnu rẹ̀ síta lójú fèrèsé.